Orúkọ tí wọ́n fín sára ìbọn kọ́ ni ìwọ̀n ihò rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ eléyìí kí ẹnikẹ́ni má baà lọ pe ọlọ́pàá wá bá mi: mi ò ní ìbọn o. Mi ò ní ọta. Tọ́nà ni mí, ẹ̀rọ léèdì ni mo fi ń jẹun n'Iléṣà níbí, bùlọ́ọ̀kù mọ́tò àti ẹ̀rọ ẹ̀lọ ni iṣẹ́ mi, wọ́n á gbé bùlọ́ọ̀kù wá, màá fẹ̀ ẹ́ tàbí kí n wọ sílíìfù (páìpù irin tí písítìn ń rìn nínú ẹ̀) sí i, wọ́n á sanwó, wọ́n á máa lọ (àwọn tó bá sanwó). Òfin ìbọn wa ti ọdún 1959 ò sì fàyè gba aráàlú kankan kó jókòó sílé kó máa di ọta fúnra rẹ̀, ká má tíì wá sọ̀rọ̀ pé kó ní ìbọn ológun. Ìbọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, Texas ló wà, àbúrò mi ló ni ín, ọmọ bàbá mi kékeré, lọ́hùn-ún sì rèé wọ́n fàyè gbà á, wọ́n ń ta ẹ̀tù àti ọta ní ṣọ́ọ̀bù bí a ṣe ń ta gàrí l'Ọ́jà Atákúmọ̀sà.

Ọ̀rọ̀ bàbá wa àgbà ló fa gbogbo ẹ̀. Bàbá lọ sógun Boma, wọ́n wà lára àwọn ọmọ West Africa tí òyìnbó kó sínú ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn Japan jà nínú igbó, ìbọn tí wọ́n sì kó fún wọn ni .303, Lee-Enfield. Ẹ̀yin tí orí yín ti ń hewú á mọ̀ ọ́n, ìdílé kan náà ni òun àti Mark Four tí ọlọ́pàá ayé ijọ́un máa ń gbé kọ́ èjìká, tí ara ẹ̀ jẹ́ igi láti ìdí fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu, tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fa irin kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sẹ́yìn kó tún tì í síwájú kí ọta míì tó wọlé. Bàbá kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn tó kú. Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni bí wọ́n ṣe ń fọ ìbọn. Wọ́n ní tí wọ́n bá yìnbọn tán, omi gbígbóná ni wọ́n á dà gba inú ẹ̀, torí kápù (nǹkan kékeré tó ń tanná sí ẹ̀tù) ayé ìgbà yẹn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú irin, iyọ̀ á fa omi, irin á dógùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan tó wà ní ìdí ìbọn náà, okùn kan àti ìgò òróró wà níbẹ̀, wọ́n á so àkísà mọ́ okùn yẹn, wọ́n á máa fà á gba inú ìbọn. Àràárọ̀ ni. Ẹ fi okùn yẹn sọ́kàn o, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Àbúrò mi yìí ló fẹ́ràn ìtàn yẹn jù nínú wa. Kò tíì pé ọdún márùn-ún tó dé Texas tó fi ra irú ìbọn bàbá, No. 4, ìgbà ogun gan-an ni wọ́n ṣe é, ọwọ́ bàbá arúgbó kan tí kò lè yìnbọn mọ́ ló ti rà á. Nígbà tó wá rí iye tí wọ́n ń ta kátíríìjì .303, ó ní òun á máa dì í fúnra òun. Kátíríìjì kan, nǹkan mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ìkarahun idẹ, kápù kékeré tó ń tanná ní ìdí ẹ̀, ẹ̀tù, àti ọta tó jókòó sí ẹnu ẹ̀ lókè. Tí ìbọn bá ti dún, ìkarahun yẹn ò lọ síbì kankan, wọ́n á ṣà á, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ padà sí bó ṣe wà, wọ́n á fi kápù tuntun, ẹ̀tù tuntun, ọta tuntun sí i. Ìyẹn náà ni wọ́n ń pè ní reloading. Ìwé wà fún un tó ń sọ bí ẹ̀tù ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, ẹni tí kò bá sì lè ka ìwé yẹn láì fò ìlà, kó jọ̀ọ́ kó lọ máa ta bọ́ọ̀lù.

Sátidé kan, nírọ̀lẹ́, wọ́n ti mú iná lọ, mo wà lójú ṣọ́ọ̀bù mò ń fi maikirómítà wo písítìn ẹ̀rọ Lister kan tí ìyá ẹlẹ́lọ kan gbé wá, ni fóònù mi bá dún, vídíò ni.

"Bọ̀dá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ dákun ẹ bá mi wo nǹkan yìí."

Ó yí fóònù sí bébà tó ń yìnbọn lù. Ọta mẹ́wàá ló ní òun yìn láti ọgọ́rùn-ún yáàdì, mo ka ihò mẹ́fà, mẹ́rin ò mọ ibi tí wọ́n gbà. Nínú mẹ́fà yẹn, mẹ́ta ò rí róbótó. Wọ́n gùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn fi ẹ̀gbẹ́ ṣíbí tẹ ẹ̀bà, bí ojú ihò kọ́kọ́rọ́ tó dùbúlẹ̀. Mo ní kó sún mọ́ ọn. Ó sún mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ ni ọta fi ń wọ bébà, kì í ṣe orí!

Mo ní, "Kí ni ìwọ̀n ọta tó ò ń lò?"

Ó lọ gbé páálí ẹ̀ wá, .308 ló wà lára ẹ̀. Mo ní ìbọn ń kọ́? Ó ní .303. Ó ní ẹni tó ta ọta fún òun ní ṣọ́ọ̀bù ní kí òun má ṣèyọnu, gbogbo .30 ìkan náà ni wọ́n, pé tó bá ti fi táò márùn-ún tóbi jù ú lọ, ìyẹn gan-an ló máa jẹ́ kó fún dáadáa. (Ínṣì ni wọ́n fi ń ka .303 àti .308 yìí. Táò la máa ń pe ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì níbi iṣẹ́ wa, òun ni mo máa lò dé ìparí.)

Mo bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé mo mọ̀ nípa ìbọn nígbà yẹn o, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nípa ihò àti ohun tó ń wọ inú ihò. Tí oníbàárà bá wọlé tọ̀ mí wá tó ní òun fẹ́ písítìn Toyota, ìbéèrè tí màá bi í kì í ṣe irú Toyota tó jẹ́ nìkan, màá ní, sítáńdáàdì ni àbí tùwẹ́ńtì àbí fọ́tì àbí síkísítì, ìyẹn ni pé báwo ni wọ́n ṣe ti fẹ ihò bùlọ́ọ̀kù yẹn tó? Torí orúkọ ẹ́ńjìnnì lè wà lára bùlọ́ọ̀kù gàdàgbà, bùlọ́ọ̀kù yẹn sì ti lè dé ọwọ́ tọ́nà mẹ́ta ṣáájú tèmi. Ẹni tó bá ra písítìn nítorí orúkọ, èéfín ló máa fi owó ẹ̀ rà. Mo wá bi àbúrò mi pé, "Ìwọ, ta ló wọn inú ìbọn yìí fún ẹ?" Ó dákẹ́. Mo ní ó yá, ká lọ kàwé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn la kàwé, èmi n'Iléṣà, òun ní Texas. Ohun tá a rí nìyí.

Inú ìbọn ológun ò rí bí inú páìpù omi. Oko ni. Wọ́n kọ ebè sínú ẹ̀, poro sì wà láàárín ebè sí ebè, ebè ọ̀hún ò wá lọ gbọọrọ, ńṣe ló ń lọ́ yípo bí okùn tí wọ́n lọ́ láti ìdí dé ẹnu. Tí ọta bá ń kọjá, ebè á gé wọ ara ẹ̀, á máa yí i lọ. Ẹ rántí òkòtó tá a máa ń ta ní kékeré, bó bá ṣe ń yí kò ní ṣubú, ìgbà tí yíyí bá ti ń rẹ̀ ẹ́ ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọta náà bẹ́ẹ̀ ni. Tí kò bá yí dáadáa, á dojú dé nínú afẹ́fẹ́, á fi ìhà gúnlẹ̀, bébà àbúrò mi gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Wàyí o, .303 tí wọ́n ń pe ìbọn yìí, orí ebè sí orí ebè ni wọ́n wọ̀n, ní ìdábùú ihò. Kì í ṣe ìdí poro sí ìdí poro! Poro jìn ju ìyẹn lọ. Ìbọn .303 tó bá wà dáadáa, ìdí poro sí ìdí poro ẹ̀ á máa wà ní nǹkan bí .313, àwọn tí wọ́n fi ìkánjú ṣe nígbà ogun lè lé .315 pàápàá, torí ogun ń jó, ẹni tó ń gé irin ò ráyè tún un gé. Ìbọn àwọn Amẹ́ríkà ní tiwọn, .30-06 wọn àti .308 wọn, orí ebè sí orí ebè .300, ìdí poro sí ìdí poro .308, ìdí poro ni wọ́n sì fi sọ .308 lórúkọ. Ṣé ẹ rí wàhálà tó wà níbẹ̀? Ọ̀kan ń fi orí ebè jẹ́ orúkọ, ọ̀kan ń fi ìdí poro jẹ́ orúkọ, oníṣọ́ọ̀bù wá kó àwọn méjèèjì pọ̀ ó ní ìkan náà ni.

Nítorí náà ọta .308 tó wọ inú .303, ebè kàn ń fi èékánná ha á lára ni, táò méjì ààbọ̀ péré lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Poro ṣófo. Iná ẹ̀tù á gba inú poro yẹn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta, á ṣáájú ẹ̀ jáde, bí ẹ́ńjìnnì tí ríngì ẹ̀ ti lọ ṣe máa ń tú èéfín sísàlẹ̀. Kò sí agbára, kò sí yíyí.

Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ á ní, ṣebí ṣakabùlà bàbá wa ò bìkítà fún ìyẹn, bí wọ́n bá rí wóró òjé wọ́n á dà á sí i. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú ṣakabùlà dán ni, kò lébè, kò ní poro, kò sí ohun tó fẹ́ yí ọta, ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń rákò dé itòsí ẹran kó tó yìn ín. Kí ẹ sì má rò pé ará ibí ò mọ ìbọn elébè láyé àtijọ́ o. Ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn Èkìtìparapọ̀, tí Ògedengbé tiwa n'Iléṣà jẹ́ ọ̀gágun wọn, àwọn èèyàn wọn tó wà l'Ékòó bá wọn wá ìbọn tó ń gba ìdí jẹ ọta, Snider wà níbẹ̀. Snider yẹn, ọta ẹ̀ kéré ju inú ìbọn lọ, àmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni, òjé rírọ̀ ni, ìdí ẹ̀ ní ihò tí wọ́n fi amọ̀ dí. Tí ẹ̀tù bá ti gbá a nídìí, ìdí yẹn á fẹ̀ kún poro fúnra ẹ̀. Martini-Henry tó tẹ̀ lé e nílé àwọn òyìnbó, bébà ni wọ́n fi wé ọta tiẹ̀. Gbogbo ẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ pé kí poro kún ni. Mi ò mọ̀ pé mo lè fi ọ̀sán odidi kan ka ìyẹn nígbà tí bùlọ́ọ̀kù mẹ́ta wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á.

Ó yá, báwo lèèyàn ṣe máa mọ poro ìbọn tiẹ̀? Ọ̀nà ẹ̀ ò le. Kọ́kọ́ rí i pé kò sí ọta kankan nínú ẹ̀, wò ó lẹ́ẹ̀mejì, yọ irin ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò. Fi òróró díẹ̀ gba inú ẹ̀. Wá òjé rírọ̀, irú èyí tí àwọn apẹja fi ń fa àwọ̀n wálẹ̀, kó fi díẹ̀ tóbi ju ihò lọ, kó o rọra fi hámà kékeré gbá a wọlé láti ẹnu ìbọn, lẹ́yìn náà fi ọ̀pá tì í gba inú ẹ̀ jáde ní òdìkejì. Poro á yọ lára òjé bí òkè, ebè á yọ bíi kòtò. Òkè yẹn lo máa wọ̀n. Òjé tí wọ́n ń kàn mọ́ ríìmù táyà ò dáa fún un o, wọ́n ti po nǹkan míì mọ́ ọn tó mú un le, á máa ta padà díẹ̀ tó bá jáde, ìwọ̀n ẹ̀ á parọ́.

Mo sọ gbogbo ìyẹn fún un. Ohun tí mi ò sọ ni irú ọ̀pá tó máa lò, torí mo rò pé ẹni tó ní orí á mọ̀.

Aago méjì òru, fóònù dún. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni lọ́dọ̀ wọn, òun ò rántí. Ìyàwó mi ní ta ló kú.

"Bọ̀dá mi, ẹ má bínú, ó há."

Ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi ń ti òjé, ó gbá a, igi yẹn la ní ìdagẹ̀rẹ̀, apá kan wá gun apá kejì lórí bíi wẹ́ẹ̀jì, bó ṣe ń gbá a ló ń há sí i. Ó ti wà nídìí ẹ̀ láti wákàtí kan. Mo ní kó fi hámà sílẹ̀ ná. Mo ní kó wá ọ̀pá bíráàsì, kó wé téèpù mọ́ ọn lọ́nà mẹ́ta mẹ́rin kí irin má baà ha ebè lára, kó wá gba òdìkejì, kí ó máa rọra ti igi yẹn padà síbi tó ti wá, àti pé kó bu òróró sí i kó fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Àárọ̀ ló jáde. Láti ìgbà yẹn bíráàsì ló ń lò, èmi náà sì ti pa fóònù lálẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó lọ geerege. Mo ní kó máa fi ọwọ́ gbọ́ ọ bó ṣe ń ti òjé lọ, torí ọwọ́ mọ ohun tí ojú ò rí. Ó ní láti ẹnu ìbọn, bí ìka mẹ́ta wọlé, ó rọrùn, lẹ́yìn náà ó fún, ó fún lọ dé ìdí, níbi tí ọta ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn ó tún rọrùn. Ibi méjèèjì ló ní ìtàn. Ti ẹnu yẹn, okùn bàbá ni! Ológun tó ń fi okùn fọ ìbọn láràárọ̀, tí kì í fa okùn yẹn gbọọrọ, tó ń fà á wá sápá kan, okùn á máa jẹ ẹnu ìbọn díẹ̀díẹ̀ bí okùn kànga ṣe ń jẹ etí kànga. Ti ìdí, cordite ló fà á, ẹ̀tù àwọn òyìnbó ìgbà yẹn, iná ẹ̀ gbóná kọjá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo cordite, poro méje tí kò jìn ló wà nínú ìbọn wọn, Metford ni wọ́n ń pè é, ẹ̀tù dúdú ni wọ́n ṣe é fún, cordite jẹ ẹ́ tán wéréwéré, ní 1895 ni wọ́n yí i padà sí márùn-ún tó jìn, ti Enfield. Ibẹ̀ ni orúkọ Lee-Enfield ti wá.

Márùn-ún yẹn ló wá dá ìjà sílẹ̀.

Ó gbé òjé sí fẹ́níà oníná tó ní (irinṣẹ́ ìwọ̀n tó ń fi ẹnu méjì gbá nǹkan mú), ó kà á fún mi: .309. Ó ní ṣé ẹ rí i, .308 ò burú tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó tún un wọ̀n, .309. Ó yí i, .309. Mo ní kó gbé e sún mọ́ kámẹ́rà, mo wò ó, mo wò ó, ni mo wá rí i. Tí ebè bá jẹ́ mẹ́rin, poro mẹ́rin, poro kan á dojú kọ poro kan, ẹ̀yin náà ẹ fi ìka ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ márùn-ún, poro ò dojú kọ poro, ebè ló dojú kọ. Nítorí náà ẹnu fẹ́níà apá kan wà lórí òkè, apá kejì bọ́ sínú kòtò. Ó ń wọn ìdajì òótọ́. (Àwọn No. 4 kan wà tí wọ́n fi ìkánjú ogun ṣe tó jẹ́ poro méjì péré ni wọ́n gé sí i, ká ní ọ̀kan lára wọn ni tiẹ̀, a ò bá ti lọ sùn.)

Níbi iṣẹ́ wa, ohun tó bá lójú márùn-ún, tàbí ojú mẹ́ta, inú V-block (irin tí wọ́n gé ojú ẹ̀ bíi V) la ń gbé e lé, maikirómítà tó lẹ́nu bíi V sì wà fún un. Kò ní ìkankan. Mo ní, ṣé ẹ ní agolo Coke nílé? Ó ní kí ni mo fẹ́ fi agolo Coke ṣe. Mo ní kó gé pẹlẹbẹ kan lára agolo yẹn, kó wọn bó ṣe nípọn tó, ó ní táò mẹ́rin. Mo ní ó yá, wé e mọ́ òjé ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kí etí méjèèjì kàn ara wọn kí wọ́n má gun ara wọn lórí, kó fún un dáadáa, kó wá wọ̀n ọ́n. Agolo á gba orí òkè kan dé òkè kejì, kò ní jẹ́ kí ẹnu fẹ́níà bọ́ sí kòtò. Ó kà á: .322. Yọ agolo kúrò lápá ọ̀tún, táò mẹ́rin, yọ ọ́ lápá òsì, táò mẹ́rin. .314 ló kù.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Táò mẹ́fà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, táò mẹ́fà lo fi ń ju ọta sínú afẹ́fẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì, táò mẹ́fà láàárín písítìn àti sílíìfù, á máa lu bí ìlù dùndún ni.

Ohun tó wá rà, ọta .312 tí wọ́n ń ṣe fún .303 gan-an, èyí tí bàbà wé, tí ìdí ẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹ lè ní .312 ṣì kéré sí .314, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ebè ti .303 á gé e wọ inú dáadáa, ìdí tó tẹ́jú yẹn sì máa ń fẹ̀ díẹ̀ tí ẹ̀tù bá gbá a, ọta Mark VII tí wọ́n fún àwọn bàbá wa láti 1910 náà, ìdí ẹ̀ tẹ́jú. Àwọn ọta tuntun tí ìdí wọn ṣe ṣóńṣó bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, wọ́n dáa nínú ìbọn tí inú ẹ̀ ṣì fún, nínú èyí tó ti gbó wọ́n máa ń jẹ́ kí iná kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún wá fẹ́ òjé tí èèyàn rọ fúnra ẹ̀, ìyẹn ní òfin tiẹ̀: òjé gbọ́dọ̀ fi táò kan tàbí méjì TÓBI ju poro lọ, torí òjé ò ní bàbà tó máa gbà á lọ́wọ́ iná, tí àlàfo bá wà iná á yọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, òjé á wá lẹ̀ mọ́ inú ìbọn bí ẹ̀kọ tó jóná sí ìdí ìkòkò. Ó mú .316.

Ibẹ̀ ni mo ti ní dúró ná. Torí ọta tó sanra, ọrùn ìkarahun náà á sanra. Tí ọrùn yẹn bá sanra débi pé kò rí àyè fẹ̀ níbi tó jókòó sí nínú ìbọn, kò ní lè tú ọta sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀tù bá tanná, ipá á wá dì sínú, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ojú ẹ̀ sún mọ́ nìyẹn. Ohun tí èèyàn fi ń mọ̀ ọ́n ò gba owó: mú ìkarahun tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán, tí o ò tíì tẹ̀ padà, ju ọta tuntun yẹn sí ẹnu ẹ̀. Tó bá já wọlé kọ́ọ́, àyè wà. Tó bá há, fi í sílẹ̀. Tiẹ̀ já wọlé, torí ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí nínú ìbọn ogun àwọn òyìnbó fẹ̀ dáadáa, wọ́n mọ̀ pé ẹrẹ̀ á wọ̀ ọ́. Mo tún ní bó o ti pààrọ̀ ọta yẹn, má padà síbi tí ẹ̀tù rẹ wà tẹ́lẹ̀ o, padà sísàlẹ̀ pátápátá nínú ìwé kó o máa gùn ún díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun mọ̀. Mo ní bó o ṣe mọ ọ̀pá igi ọjọ́sí.

Kí n tó gbàgbé, ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí ló burú jù, torí ọta tó kéré, bébà ló máa bà jẹ́, èyí tó tóbi jù lè ba ojú jẹ́. Àwọn Jámánì ní ìbọn kan ní 1888, ọta ẹ̀ .318. Ní 1905 wọ́n yí ọta padà, wọ́n mú un ṣóńṣó, wọ́n sọ ọ́ di .323. Ìkarahun ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, "8mm Mauser" ni gbogbo èèyàn sì ń pe àwọn méjèèjì. Táò márùn-ún! Ọta tó le, tí wọ́n fẹ́ fi ipá gba ihò tó fi táò márùn-ún kéré sí i. Àwọn tí wọ́n tún ṣe kó lè gba tuntun, wọ́n máa ń lu lẹ́tà S sí i lórí, ṣùgbọ́n èmi ò ní gba S gbọ́, mo máa ti òjé sí i. Carcano àwọn Ítálì, 6.5 ni wọ́n ń pè é, 6.5 àwọn tó kù ń jẹ ọta .264, tiẹ̀ ń jẹ .268. Ti Rọ́ṣíà, 1891, 7.62 lórúkọ, orúkọ yẹn náà orí ebè ni, ọta ẹ̀ .310 sí .311, ẹni tó bá gbé .308 fún un á rí bébà àbúrò mi. Bàbá kan náà, ìyá kan náà, bàtà wọn ò dọ́gba.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ ó fi fọ́tò bébà tuntun ránṣẹ́. Márùn-ún ló yìn, ọgọ́rùn-ún yáàdì, gbogbo ẹ̀ róbótó, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, ó bò ó. Ó ní òun ti padà lọ bá oníṣọ́ọ̀bù yẹn, ó ní ọkùnrin náà ṣì ń sọ pé ìkan náà ni wọ́n. Mo ní fi í sílẹ̀.

Oṣù Kejìlá, ẹnìkan ń bọ̀ wálé láti ọ̀dọ̀ wọn, àbúrò mi fi nǹkan rán an sí mi: ẹ̀wù méjì, lọ́fíńdà ìyàwó mi, àti kóró òjé yẹn nínú ìwé téèpù. Orí tábìlì mi ló wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríngì fọ́tì ìyá ẹlẹ́lọ tí wọ́n ò tíì wá gbé (bùlọ́ọ̀kù yẹn ti di síkísítì kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ẹni tó ta ríngì fún wọn ní kí wọ́n má ṣèyọnu). Ọmọṣẹ́ mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fẹ́níà rí i láàárọ̀ àná, ó ní ọ̀gá, kí lèyí? Mo ní wọ̀n ọ́n kó o sọ iye tó jẹ́ fún mi. Ó yí i, ó tún un yí, ó fojú wọ́n ọn dáadáa, ó ní, "Ọ̀gá, .309 ni." Mo ní kó lọ bá mi wá agolo Coke kan wá.